Iwin inú fíìmù àtijọ́ wa kì í bani lẹ́rù mọ́: ẹ bá mi dá sí ti ìdílé Àgbádárìgì yìí

ỌmọAlágbọn bèèrè:

Kí ló dé tí iwin inú fíìmù àtijọ́ wa fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín? Ẹfun á funfun báláú lójú ẹni tó ń ṣe iwin, ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n, èéfín á sọ, ìlù á dún gbàmù, ọmọ kékeré tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n á ní, "Pọ́dà rẹ̀ ti ń ré." Òótọ́ lọmọ náà sọ.

Ìtàn tó wà nílẹ̀ nìyí. Àgbádárìgì, ọdún 1926. Baba ń ra àgbọn gbígbẹ, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Èkó. Ìyá ti bí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta. Ìkarùn-ún jẹ́ obìnrin, ó ti di ọmọ ọdún méje, ṣaworo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti òru ọjọ́ tó pé ọdún méje ni nǹkan kan ti ń wọlé. Òṣèré mẹ́fà, ilé kan, òru mẹ́sàn-án. Owó iwin inú kọ̀ǹpútà kò sí. Ẹni tó fẹ́ náwó sí i ní ká kun ẹnì kan ní ẹfun, ká fi lẹ́ńsì pupa sí i lójú, ó parí. Mo ní mi ò ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ dá sí i.

* * *

Alátùpà:

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ lórí èyí kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan ní kí iwin hàn gedegbe, torí òun lòǹwòran sanwó wá wò. Àwọn kan ní kó má hàn rárá títí fíìmù á fi tán. Àwọn tó kù ní owó lọ̀rọ̀ wà, ẹni tí kò bá ní i kó lọ ṣe eré ìfẹ́. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ohun tó ń ba fíìmù wọ̀nyí jẹ́ ni pé òru inú wọn kì í ṣe òru. Wọ́n á gbé iná ńlá méjì sí àgbàlá, yàrá á mọ́ gbòò, a ó rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó rí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibo ni iwin fẹ́ wà tí a ò ní rí i?

Ìlú Èkó ti ní iná mànàmáná díẹ̀ kó tó di 1900, ṣùgbọ́n ilé oníṣòwò àgbọn ní Àgbádárìgì, àtùpà ni wọ́n ń tàn, ọ̀kan, bóyá méjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà yẹn parí sí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù rẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é: àtùpà onígò gidi ni kó wà lójú, àmọ́ má gbé gbogbo iṣẹ́ lé iná rẹ̀ lórí, kò ní tó. Wá gílóòbù LED kékeré oníbátìrì, 2700K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná: bó bá ṣe kéré tó ni iná ń pọ́n tó). Fi ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn tí àwọn oníná ń pè ní full CTO wé e ní ìpele kan, kí o so ó mọ́ ẹ̀yìn ìgò àtùpà, ní ìhà tí kámẹ́rà kò wò. Iná kẹrosíìnì wà ní bíi 1900K, gílóòbù 2700K pẹ̀lú ọ̀rá yẹn á bọ́ sí ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Fi kámẹ́rà sí 3200K kí iná náà lè pọ́n bí ọsàn, kó má di ẹ̀jẹ̀. Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, shutter (ìgbà tí kámẹ́rà fi ń lajú fún àwòrán kan) 1/50, ISO (bó ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) 1600 sí 3200, lẹ́ńsì tó lè ṣí dé f/1.8 tàbí f/1.4.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ní f/1.4, bí òṣèré bá wà ní mítà kan sí kámẹ́rà, tó sì sún bí ìbú ìka méjì síwájú, ojú rẹ̀ á di bàìbàì. Nítorí náà fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ (ẹ wá rí i, ẹfun wúlò), jẹ́ kó mọ ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ á dúró sí. Èkejì, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú tí wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ìlà dúdú á máa sáré gba àárín àwòrán kọjá. Ya ìṣẹ́jú kan wò kí òṣèré tó dé.

Mo tún fẹ́ sọ ti awọ ara. Ẹfun àti pọ́dà máa ń pa ìmọ́lẹ̀ lára èèyàn dúdú, ara á wá rí bí ògiri. Àdí àgbọn ni kí ẹ lò, tó pọ̀ lọ́dọ̀ yín bí omi. Ẹ̀kán méjì lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀kán kan ní èjìká, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èèyàn lè wà nínú òkùnkùn pátápátá, kó jẹ́ ìlà tín-ín-rín kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni àtùpà á mú. Ojú òǹwòran á parí ìyókù fúnra rẹ̀, ohun tó bá sì yà síbẹ̀ á burú ju èyí tí ẹ̀yin lè kùn lọ.

* * *

ỌmọAlágbọn:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ló gbé àtùpà wọ yàrá ní ìran kejìlá.

* * *

Alátùpà:

Kò gbọdọ̀ gbé èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Da kẹrosíìnì inú rẹ̀ nù, yọ òwú rẹ̀, fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́, kí o fi gílóòbù oníbátìrì sínú ìgò fúnra rẹ̀, kí o sì fi bébà ìkọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìhà tó kọjú sí kámẹ́rà. Tí ọmọ bá ń rìn, ojú kò ní dúró lórí àtùpà.

Níbi tí àgbàlagbà bá ti lo iná gidi: bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn méjì nítòsí, kì í ṣe omi, torí omi ń tú kẹrosíìnì ká ni. Kẹrosíìnì tí wọ́n da pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ ti jó ọ̀pọ̀ ilé, ibi tó dájú ni kí ẹ ti rà á. Ẹ gé orí òwú àtùpà gún régé, kí ẹ rẹ́ igun rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa rú èéfín, ìgò á dúdú láàrin ìran kan, tí ẹ bá wá so àwòrán pọ̀, ìgò á dúdú, á mọ́, á tún dúdú. Ẹ máa nù ún lẹ́yìn gbogbo ìran, kí ẹ sì fi fóònù ya ìwọ̀n epo inú rẹ̀.

* * *

ÌyáAláṣọ, Ẹ̀pẹ́:

Aṣọ àti ẹrù ilé ni tèmi. Iwin kankan ò lè dẹ́rù ba èèyàn nínú ilé tí bùtà ike bá wà. Ojú á kọ́kọ́ lọ sí bùtà. Ike kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ẹní ọ̀rá, sílípáàsì rọ́bà, fóòmù, kò gbọdọ̀ sí ìkankan. Abọ́ tánganran wà dáadáa, ìkòkò amọ̀, akèrègbè, ìṣáná. Oníṣòwò tó ń bá Èkó ná lè ní bẹ́ẹ̀dì onírin, pẹ̀lú tìmùtìmù tí wọ́n ki òwú àràbà sí.

Àdìrẹ aláró ni kí ìyá ró, èyí tí wọ́n fi ìko dì tàbí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú ẹ̀gẹ́ ya. Kàm̀pálà aláwọ̀ méje kò tíì dé nígbà náà. Gèlè á rọ̀, á wé mọ́ orí, kò ní dúró gan-an bí páànù. Ẹ yẹ etí ìró wò, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ máa ń hàn bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ká a sínú kí ẹ rán an mọ́lẹ̀. Kò sí síìpù. Irun dídì ni, ṣùkú tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, láìsí irun àfikún. Ẹ yẹ èékánná àti ìpéǹpéjú àwọn òṣèrébìnrin wò kí wọ́n tó kúrò nílé wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dà bíi kékeré títí tí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ mẹ́rin á fi gbé ọwọ́ sójú, tí èékánná gígùn aláwọ̀ osùn á yọ.

Aṣọ funfun, ẹ má jẹ́ kó funfun. Lábẹ́ àtùpà á máa kọ yanran, á gba ojú lọ́wọ́ ojú òṣèré. Àpò tíì 10 nínú omi gbígbóná 5 lítà, ẹ rì í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fọ̀ ọ́ ní omi tútù, ẹ sá a. Aṣọ tuntun yòókù, ẹ fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ fi òkúta ha ìgúnpá àti orúnkún.

Owó tí baba á kà sórí ẹní, kí ó jẹ́ kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Mo ti rí fíìmù tí wọ́n ní ti ayé òyìnbó ni, tí wọ́n ń ka kọ́bọ̀ náírà. Ọdún 1973 ni náírà dé.

Àbá kan: ẹ ò ṣe gbé ìtàn yìí wá sí Ẹ̀pẹ́? Kòsọ́kọ́ sá wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè Èkó ní 1851, kò padà títí di 1862. Orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ àbíkú ni: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

* * *

Alátùpà:

Màmá, àbá yín dùn, owó rẹ̀ ni kò dùn. Bí ẹ bá ti padà sí 1851, àtùpà onígò ti lọ, ó ku fìtílà elépo, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì. Tánganran lọ. Ṣílè lọ, owó ẹyọ ló kù. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, mẹ́wàá irú rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ. Oníṣòwò tó ka ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo lórí ẹní ti na owó òṣèré méjì. Kó dúró sí 1926.

Ní Àgbádárìgì pàápàá, ìṣọ́ra wà. Petẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, tí wọ́n parí ní 1845, ti di arúgbó ní 1926, ẹ lè yà á látòkèèrè, àmọ́ pákó inú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tan iná sí. Igi Àgíyà, tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ṣì dúró nígbà náà. Ọdún 1959 ló tó wó. Bí ẹ bá ya òkúta ìrántí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ ti pa ara yín. Ọ̀nà márosẹ̀ kò sí. Baba á gba orí ọ̀sà lọ, á gba orí ọ̀sà bọ̀, èyí sì dára fún yín: ó túmọ̀ sí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, kò sí ibi tí wọ́n lè sáré lọ.

* * *

EtíỌ̀sà:

Ẹ ní ṣaworo lọ́wọ́, ẹ wá ń jà lórí ẹfun.

Kí ni wọ́n ń fi ṣaworo ṣe lẹ́sẹ̀ àbíkú? Kí ìró irin lè lé ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni. Ìyá tó bá ti gbọ́ ṣaworo mọ̀ pé ọmọ òun ṣì wà láyé, ó ń sáré kiri. Ìró ìtùnú ni. Fún ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́ nínú fíìmù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìtùnú: ọmọ ń ṣeré, ṣaworo ń dún, ìyá ń rẹ́rìn-ín, kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà, òru. Ọmọ sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, a rí ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn kò mira. Ṣaworo wá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ ò nílò iwin kankan mọ́.

Bí ẹ ṣe máa gbà á sílẹ̀: ṣaworo á ba gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèré jẹ́ bó bá ń dún níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é ní méjì. Ọ̀kan, ẹ ki òwú sínú rẹ̀ kó yadi, òun lọmọ á wọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Èkejì á máa dún, ẹ gbà á lọ́tọ̀ lóru, pẹ̀lú máìkì ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì máa ń jẹ́ kó dún ganrangaran bí kọ́kọ́rọ́, etí á mọ̀ pé ilé òde òní ni. Ẹ gbà á ní ọ̀nà mẹ́ta: ìrìn ọmọdé, ìrìn àgbàlagbà, àti ìró ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ gígùn. Ìrìn àgbàlagbà pẹ̀lú ṣaworo ọmọdé, ẹ fi pamọ́ sí ìparí. Ẹ má lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tó tún kù ni ìrẹ̀. Ìrẹ̀ máa ń han gbogbo òru, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá sún mọ́ ọn, ó máa ń dákẹ́ lójijì. Gbogbo ẹni tó bá ti sùn ní abúlé rí mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìrẹ̀ máa han lẹ́yìn fèrèsé, kí wọ́n dákẹ́ ní ọwọ́ òsì, lẹ́yìn náà ní àárín, lẹ́yìn náà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti rìn yí ilé ká, a ò rí i. Ìlù gbàmù ò lè ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀: ó kéré tán mítà 60 sí ibi iṣẹ́, lẹ́yìn ògiri, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín, wáyà 2.5mm² ni kí ẹ fi fa iná wá. Bí ẹ bá lè fi bátìrì ṣe gbogbo rẹ̀, ó tún dára jù. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo èèyàn dúró bí òpó. Ọ̀kadà àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ orí ọ̀sà kì í sinmi títí di nǹkan bí agogo mọ́kànlá òru, ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ á bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àárín méjì yẹn ni wákàtí yín, kò ju márùn-ún lọ.

* * *

Ọmọ Ìkòròdú:

Ẹ gbà mí láyè. Bí ẹ bá ń wá ìró tó ń dẹ́rù bani, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti okùn, kí ẹ máa fì í yí orí ká. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn yẹn.

* * *

EtíỌ̀sà:

Àbúrò, o mọ̀ ọ́n, o ṣì sọ ọ́? Ní Ìkòròdú tiyín, ọjọ́ Orò, obìnrin kì í jáde. Bí ẹ bá fi pákó yẹn dún lóru lásán, obìnrin tó gbọ́ ọ á sá wọlé, àgbà tó gbọ́ ọ á jáde, ẹ̀yin lẹ ó dáhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, obìnrin pọ̀ nínú àwọn òǹwòran yín. Ìró tí wọ́n tọ́ wọn dàgbà láti sá fún, ẹ fẹ́ fi ṣe ohun èèlò eré? Ẹ fi sílẹ̀.

* * *

Ọmọ Ìkòròdú:

Ó yé mi. Mo gba ẹ̀bi mi. Zàngbétò ńkọ́, ní Àgbádárìgì níbẹ̀? Tó bá yọ lójijì nínú òkùnkùn...

* * *

ỌmọAlágbọn:

Èyí, èmi ni kí n dáhùn. Zàngbétò kì í ṣe iwin tó ń da ìdílé láàmú. Ọdẹ òru ni lọ́dọ̀ àwọn Ègùn, olè àti oníwà ìbàjẹ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí a wá fi ìko yẹn wọ ẹni tó ń pa ọmọ, àbùkù ni. Bó bá máa wọ inú fíìmù, olùṣọ́ ni kó jẹ́: kó yí ilé ká, kó sì yà kúrò níbẹ̀ láìwọlé. Ìyẹn á sọ fún ará ìlú pé ohun tó wà nínú ilé kì í ṣe ohun tí ọdẹ ń mú. Èmi ò sì ní rán aránṣọ kankan láti rán ẹ̀dà rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni ín là á lọ bá, pẹ̀lú àgbà, kí wọ́n sọ bí wọ́n bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún ń yọ mí lẹ́nu. Ìdílé Àgbádárìgì ní 1926, ọ̀pọ̀ wọn Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé. Olówó ní Yorùbá ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́.

* * *

ÌyáAláṣọ, Ẹ̀pẹ́:

Ìyá Ègùn, baba Yorùbá láti ìlú míì. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá á máa fi Ègùn kọrin fún ọmọ, baba ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ohùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kó sọ Ègùn. Ìyá nìkan ló máa yé.

* * *

Ẹnì kan tó ń kọjá:

Ẹ yí i padà sí àkúdàáyà, àbíkú ti gbó.

* * *

Alátùpà:

Àkúdàáyà ní òfin tirẹ̀: ó kú níhìn-ín, ó ń gbé ìlú míì, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá ti rí i, ó ti di àwátì. Fíìmù ìrìn-àjò nìyẹn. Egbére náà ní tirẹ̀, ẹní tó gbé lọ́wọ́ àti ẹkún. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, inú ilé ló ń ṣẹlẹ̀, láàrin ìyá àti ọmọ. Àbíkú ni. Ẹ kàn má gbàgbé pé àbíkú kì í ṣe òkú tó ń fò mọ́ èèyàn lọ́rùn. Ọmọ náà ni àbíkú. Àwọn tó ń wá a, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò wá pa á ní tiwọn, wọ́n wá mú un relé ni. Bí ẹni tó kọ ìtàn bá mọ ìyẹn, kò ní ní kí òṣèré máa bú ramúramù.

* * *

Nọ́ọ̀sì Agbówá:

Mo ń dúró kí ẹnì kan sọ fọ̀níkúfọ̀láàrùn, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ẹ fara balẹ̀, mi ò fẹ́ ba ìtàn jẹ́. Ní 1910 ni Herrick kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó rí bíi dòjé ní Chicago. Ní 1926, ará Àgbádárìgì kankan kò ní gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi àmì rẹ̀ hàn, kí iwin àti àìsàn jọ wà nínú àwòrán kan náà. Ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa ké. Ọmọ ọdún méje, oríkèé á máa ro ó, pàápàá bí òtútù bá mú. Ẹ yà á ní ìgbà ọyẹ́, December sí January, kí ìrora máa bẹ̀rẹ̀ lóru tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá wọlé. Eruku ọyẹ́ á sì jẹ́ kí ìtànṣán àtùpà hàn.

Ojú pupa tí olówó yín fẹ́, irọ́ ni. Ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ni. Ẹ má fi lẹ́ńsì sójú ọmọdé. Ẹni tó ń tún àwọ̀ àwòrán ṣe á fi ìyeyè díẹ̀ kun funfun ojú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Kó má pọ̀. Kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kejì téèyàn bá wò ó ló máa rí i.

Ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìtàn yín: bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS (wọ́n gbé àrùn náà sára, kò ṣe wọ́n), ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 1 nínú 4 láti jẹ́ SS, ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Kí márààrún jẹ́ bẹ́ẹ̀, 1 nínú 1,024 ni. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọkùnrin kan kún un tí nǹkan kan kò ṣe, ọmọ ọdún mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Kó máa sùn fọnfọn bí gbogbo ilé bá ń pariwo.

* * *

EtíỌ̀sà:

Ọmọkùnrin yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù látòní.

* * *

ỌmọAlágbọn:

Ó ti wọlé. Òṣèré ti di méje. Àpá ńkọ́? Wọ́n máa ń sàmì sára òkú àbíkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá, wọ́n lè gé orí ìka tàbí kí wọ́n ya etí. Mo fẹ́ kí ọmọ ọdún méje yìí ní in.

* * *

Alátùpà:

Àpá ẹ̀yìn ló rọrùn jù. Àwọn kan máa ń lo collodion, omi kan tó máa ń gbẹ sára, tó ń fa awọ wọnú bí àpá gidi, ìpele mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Fún àgbàlagbà nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ojú tàbí àtùpà, torí ó máa ń gbaná. Ọmọdé, pẹ́ńsù ìkunjú aláwọ̀ ilẹ̀ àti òróró díẹ̀ lórí rẹ̀ ti tó, lábẹ́ àtùpà kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ dán ohunkóhun wò sí i ní apá ní ọjọ́ kan ṣáájú, bóyá ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́.

Ẹ má fi àpá náà hàn nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kí ìyá kọ́kọ́ sàmì sí ọmọ kẹrin nínú òkùnkùn, a ò rí ibi tó gé. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, kó máa fi kànìnkànìn wẹ ọmọ ọdún méje, kí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí iwin rìn dandan: òṣèré kó rìn sẹ́yìn, kí ẹ yí àwòrán padà kó dà bíi pé ó ń bọ̀ níwájú. Ìtẹ̀síwájú rẹ̀ á ṣàjèjì, èèyàn ò ní mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa o. Èéfín àtùpà á máa wọ inú ìgò padà, adìẹ tó bá kọjá á máa fi ìdí rìn, omi á máa fò láti ilẹ̀ wọ akèrègbè. Kó má sí èéfín, kó má sí ẹran, kí ó má wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ó pọ̀ tán.

* * *

Ẹnì kan tó ń kọjá:

Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò máa fún wọn ní 18 ṣá.

* * *

ÌyáAláṣọ, Ẹ̀pẹ́:

Kò dájú. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí fífi èèyàn ṣe ògùn owó. Bí wọ́n bá fi gígé òkú ọmọ hàn ni ìjà á dé, ẹ̀gbọ́n sì ti ní kó wà nínú òkùnkùn. Ẹ kàn má gbé ẹ̀dà tí kò tíì parí lọ fún wọn. Àti pé ọmọdé kì í ṣiṣẹ́ di òru jíjìn. Ẹ ya ti ọmọ láàrin agogo méje sí mẹ́wàá, kí ẹ lo ẹsẹ̀ òṣèré kékeré tó ti dàgbà fún ìyókù.

* * *

ỌmọAlágbọn:

Mo ti tún ìran kejìlá kọ. Ọmọ kò gbé àtùpà mọ́. Àtùpà wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì wà lórí ẹní, ọmọkùnrin ń hanrun. Ìrẹ̀ dákẹ́ ní òsì, ní àárín, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣaworo dún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá la ojú, ó na ọwọ́, ó di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mú, ṣaworo tún dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olówó kà á, ó ní, "Iwin náà dà?" Mo ní kó ka a lálẹ́. Kò tíì pè mí padà.

* * *

EtíỌ̀sà:

Ní ìran yẹn, èyí tí òwú wà nínú rẹ̀ ni kó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ìyá bá dì í mú, ìró kékeré kan á bọ́ láti inú èyí tó ń dún, gbogbo iṣẹ́ á sì run.